Àyẹ̀wò HIV Kò Parí Sọ́dọ̀ Aboyún

Nínú gbogbo àyẹ̀wò tí ìmọ̀ ìṣègùn òde òní gbé dé, díẹ̀ ni ó ti gba ọmọ ọwọ́ lọ́wọ́ ikú tó èyí tí wọ́n fi ń wá kòkòrò HIV nínú ẹ̀jẹ̀ aboyún, bẹ́ẹ̀ ni kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí èyí tí ẹ̀rù rẹ̀ ń ba àwọn ènìyàn tó o. Ní ilé ìwòsàn ìjọba àti ti aládàáni káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ọjọ́ tí obìnrin bá kọ́kọ́ lọ fi orúkọ oyún sílẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n lè mọ irú ẹ̀jẹ̀ tí ó ní àti jẹ́nótáìpù rẹ̀, kí wọ́n mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó, kí wọ́n sì wò ó bí sífílíìsì, àrùn ẹ̀dọ̀ hepatitis B tàbí HIV bá wà lára rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni èrò kan ti fìdí múlẹ̀ lọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn, àti lọ́kàn àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kan pẹ̀lú, pé ohun aboyún ni àyẹ̀wò yìí, pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ti tó, àti pé nítorí ọmọ inú ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Èrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó ní àbùkù, ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta ni ó burú jù, nítorí ó sọ obìnrin di ọ̀nà tí ọmọ ń gbà wá sáyé lásán, kò kà á sí ẹni tí ara tirẹ̀ náà tọ́ sí ìtọ́jú.

HIV jẹ́ kòkòrò tí ó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, tí ó máa ń wọ inú irú sẹ́ẹ̀lì funfun ẹ̀jẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní CD4, tí ó sì ń pa á run. Àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí ni ó ń ṣáájú nígbà tí ara bá ń bá àìsàn jà, nítorí náà bí wọ́n bá ti ń dínkù ni agbára ara ń lọ sílẹ̀, títí ikọ́ àwúgbẹ, ìgbẹ́ gbuuru àti oríṣiríṣi àrùn mìíràn yóò fi rí ààyè wọlé; ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá dé ibi báyìí ni wọ́n ń sọ pé ó ti di éèdì. Ẹni tí kò lo oògùn lè wà fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá kí ó tó kan éèdì, láàárín àkókò náà ó lè sanra, kí ara rẹ̀ máa dán, kí ó lóyún, kí ó bímọ, kí ó sì fún ọmọ lọ́yàn, láìsí ẹni tí yóò fura. Àyẹ̀wò nìkan ni ó lè fi í hàn.

Ọ̀rọ̀ náà sì kan obìnrin ju ọkùnrin lọ. Ìwádìí ńlá tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe láti ilé dé ilé ní ọdún 2018, tí wọ́n kéde àbájáde rẹ̀ ní ọdún 2019, fi hàn pé nínú 100 ènìyàn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 15 sí 49, nǹkan bí 1.4 ni ó ní kòkòrò náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n pín in, 1.9 ni ti obìnrin, 0.9 sì ni ti ọkùnrin. Láàárín àwọn ọ̀dọ́ tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ ọdún 20 sí 24, iye ti obìnrin ju ìlọ́po mẹ́ta ti ọkùnrin lọ. Ìdí kan wà nínú ẹ̀dá ara: awọ inú ojú ara obìnrin fẹ̀, àtọ̀ ọkùnrin sì máa ń pẹ́ níbẹ̀ lẹ́yìn ìbálòpọ̀, ti ọ̀dọ́mọbìnrin tún wá le jù nítorí pé awọ ẹnu ilé ọmọ rẹ̀ kò tíì gbó tó. Ìdí yòókù wà nínú ìgbé ayé, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọbìnrin ni ó ń fẹ́ ọkùnrin tí ó fi ọdún púpọ̀ jù ú lọ, tí ó ti bá ọ̀pọ̀ obìnrin lò pọ̀ kí ó tó kàn án, àti pé ìyàwó ilé tí ó bá ní kí ọkọ òun lo kọ́ńdọ̀mù kò ní pẹ́ gbọ́ ìbéèrè pé ta ni ó ń yan lálè.

Irú àyẹ̀wò tí ó wọ́pọ̀ jù ní ilé ìtọ́jú aboyún kì í wá kòkòrò náà fúnra rẹ̀. Àwọn èròjà tí ara ń pèsè láti bá a jà, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní antibody, ni ó ń wá, gẹ́gẹ́ bí ọdẹ ṣe ń fi ipa ẹsẹ̀ mọ̀ pé ẹran ti kọjá níbẹ̀ láìtíì fojú kan ẹran. Nọ́ọ̀sì yóò gún orí ìka, yóò kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sí orí ohun èlò pẹlẹbẹ kan, yóò sì kán omi àyẹ̀wò tẹ̀lé e. Láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 20, ìlà yóò ti yọ. Ìlà kan wà tí ó gbọ́dọ̀ yọ ní gbogbo ìgbà, nítorí òun ni ó ń jẹ́rìí pé ohun èlò náà ṣiṣẹ́, bí kò bá sì yọ, wọ́n gbọ́dọ̀ da àyẹ̀wò náà nù kí wọ́n tún òmíràn ṣe. Ìlà kejì ni ó ń sọ pé ó ṣeé ṣe kí HIV wà. Nítorí pé ara nílò àkókò kí ó tó pèsè àwọn èròjà wọ̀nyí dé ìwọ̀n tí àyẹ̀wò lè rí, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí oṣù mẹ́ta wà lẹ́yìn tí kòkòrò bá wọlé tí àyẹ̀wò irú èyí lè sọ pé kò sí nǹkan kan nígbà tí nǹkan wà.

Ibi tí ìdààmú ńlá ti ń wá fún àwọn obìnrin kan ni pé wọ́n ń mú ìlà kejì lórí àyẹ̀wò àkọ́kọ́ gẹ́gẹ́ bí ìdájọ́, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìdájọ́ rárá. Ká ní obìnrin 1,000 wá fún àyẹ̀wò, tí 10 nínú wọn ní HIV lóòótọ́, tí ohun èlò náà sì máa ń ṣi ẹni 1 mú nínú 100 tí kò ní in. Nínú 990 tí kò ní in, nǹkan bí 10 ni yóò ṣì mú, èyí tí ó túmọ̀ sí pé nínú 20 tí ìlà kejì yọ fún, ìdajì ni kò ní nǹkan kan lára. Bí wọ́n bá wá fi ohun èlò mìíràn, tí ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe, tún àwọn 20 yìí yẹ̀ wò, ó ṣòro gan-an kí àṣìṣe tún bá ẹni kan náà. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó ní HIV lórí àyẹ̀wò kan péré, ìdí yìí kan náà ni àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fi gbani nímọ̀ràn ní ọdún 2019 pé kí àyẹ̀wò mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tẹ̀ léra wọn kí wọ́n tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé HIV wà, nítorí bí àwọn tí ó ní in láìmọ̀ ṣe ń dínkù sí i láwùjọ ni ìpín àwọn tí àyẹ̀wò kan ṣoṣo yóò ṣì mú ń pọ̀ sí i. Obìnrin tí wọ́n bá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún ní ilé àyẹ̀wò ẹ̀gbẹ́ títì lẹ́yìn ìlà kan ṣoṣo ní ẹ̀tọ́ láti má gbà á títí yóò fi dé ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tẹ̀lé ìlànà.

Ẹ̀rù tí ó yí àyẹ̀wò yìí ká ní ìtàn. Ní ọdún 1983 ni Françoise Barré-Sinoussi àti Luc Montagnier pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Institut Pasteur ní Paris ṣàwárí kòkòrò náà. Ní ọdún 1985 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àyẹ̀wò àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n ṣe kí wọ́n lè máa yẹ ẹ̀jẹ̀ tí ènìyàn fi tọrẹ wò. Ní ọdún 1986 ni Nàìjíríà kéde pé àrùn náà ti dé ọ̀dọ̀ tiwọn. Kò sí oògùn nígbà náà, ìròyìn burúkú lásán ni àbájáde àyẹ̀wò. Nígbà tí olórin Fẹlá Aníkúlápó Kútì kú ní oṣù kẹjọ ọdún 1997, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tí ó jẹ́ dókítà àwọn ọmọdé tí ó sì ti ṣe mínísítà ètò ìlera rí, sọ ọ́ fún àwọn oníròyìn ní gbangba pé éèdì ni ó wà nídìí ikú náà. Ìgboyà ńlá ni, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó ń sọ pé àròsọ ni éèdì ni ó sì gbà á gbọ́ lọ́jọ́ náà. Àmọ́ ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ náà ti so àrùn yìí pọ̀ mọ́ ìgbésí ayé olórin lọ́kàn àwọn kan, débi pé ìyàwó ilé tí kò mọ ju ọkọ rẹ̀ lọ kò rò pé ó lè kan òun.

Ohun tí ó yí ọ̀rọ̀ padà ni pé oògùn dé. Ní ọdún 1994, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Faransé fi hàn pé bí aboyún bá lo oògùn AZT, tí wọ́n tún fún un nígbà ìrọbí, tí wọ́n sì fún ọmọ náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, iye ọmọ tí yóò kó kòkòrò náà á lọ sílẹ̀ láti nǹkan bí 25 nínú 100 sí nǹkan bí 8. Ọdún 1999 ni àbájáde mìíràn wá láti Uganda, pé hóró nevirapine kan fún ìyá nígbà ìrọbí àti ìwọ̀n díẹ̀ fún ọmọ lẹ́yìn ìbí gba ọ̀pọ̀ ọmọ là, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò ìtọ́jú tirẹ̀ ní ọdún 2002, fún àgbàlagbà 10,000 àti ọmọdé 5,000. Láti ọdún 2006 ni oògùn náà sì ti di ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba.

Lónìí, ẹni tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ó ní HIV yóò bẹ̀rẹ̀ oògùn láìpẹ́, ìbáà ṣe aboyún, ìbáà má ṣe aboyún. Hóró kan lójúmọ́ ni, oògùn mẹ́ta ni wọ́n pò pọ̀ sínú rẹ̀: tenofovir, lamivudine àti dolutegravir. Oògùn yìí kì í pa kòkòrò náà run tán, ṣùgbọ́n ó ń dí i lọ́wọ́ bíbí sí i, títí iye rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ yóò fi kéré débi pé ẹ̀rọ kò ní lè kà á mọ́. Ẹni tí ó bá sì ti dé ipò yìí tí kò dẹ́kun oògùn kò ní kó o ran ẹni tí ó ń bá lò pọ̀. Ti ọmọ inú náà yàtọ̀ gédégédé: bí wọn kò bá ṣe ohunkóhun, ọmọ 15 sí 45 nínú 100 ni yóò kó kòkòrò náà nínú oyún, nígbà ìbí tàbí láti inú ọyàn, ṣùgbọ́n bí ìyá bá lo oògùn dáadáa, iye náà kò ní tó 5, àní pẹ̀lú ọyàn fífún.

Ọ̀rọ̀ ọyàn yìí gba àlàyé, nítorí ibẹ̀ ni ìlànà ilé ìwòsàn àti àṣà ilé ti ń forí gbárí. Ìmọ̀ràn àjọ WHO ni pé kí ìyá tí ó ń lo oògùn rẹ̀ fún ọmọ ní ọyàn nìkan fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, kí ó sì máa bá ọyàn lọ pẹ̀lú oúnjẹ mìíràn lẹ́yìn náà fún ọdún kan ó kéré tán. Ṣùgbọ́n omi àti àgbo ni ìyá ọkọ máa ń kọ́kọ́ gbé dé, ìyá tuntun tí kò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé pé òun ní HIV kì í rí àlàyé ṣe tí ó bá kọ̀. Ọmọ náà ní oògùn tirẹ̀ tí yóò máa mu fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ewu bá pọ̀. Wọn kò sì lè fi àyẹ̀wò orí ìka mọ ipò tí ọmọ náà wà, nítorí pé àwọn èròjà ara ìyá máa ń bá ọmọ wá láti inú oyún, wọ́n sì lè wà lára rẹ̀ títí di oṣù 18. Nítorí náà, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n á gún gìgísẹ̀ ọmọ náà, wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sórí páálí kan, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò ńlá tí ẹ̀rọ ti lè wá kòkòrò náà fúnra rẹ̀. Àìtètè gba èsì yìí léwu púpọ̀, nítorí pé nínú àwọn ọmọ tí wọ́n bí HIV mọ́ tí wọn kò rí ìtọ́jú, ìdajì ni ó ń kú kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún méjì.

Gbogbo ètò yìí dára lórí ìwé, ṣùgbọ́n orí pé obìnrin yóò dé ilé ìwòsàn ni wọ́n gbé e kà. Ìwádìí ìlera tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2018 fi hàn pé 67 nínú 100 ìyá ni ó rí òṣìṣẹ́ ìlera tí ó kọ́ṣẹ́ nígbà tí wọ́n lóyún, àmọ́ 39 nínú 100 ìbí péré ni ó wáyé ní ilé ìwòsàn. Ilẹ̀ Yorùbá sàn ju ọ̀pọ̀ agbègbè yòókù lọ, síbẹ̀ kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé obìnrin púpọ̀ ni ó ń gba káàdì ní ilé ìwòsàn tí ó sì ń bímọ sí ilé ìgbẹ̀bí ìjọ tàbí lọ́dọ̀ ìyá àgbẹ̀bí àdúgbò, nítorí pé owó ibẹ̀ kò wọ́n, wọ́n á gbàdúrà fún un, ẹnikẹ́ni kò sì ní jágbe mọ́ ọn. Ẹ̀gàn tí àwọn oníṣègùn kan máa ń da sí àwọn ilé wọ̀nyí kò tíì mú aboyún kan kúrò níbẹ̀. Ohun tí ó ṣiṣẹ́ ni pé kí àyẹ̀wò tọ àwọn obìnrin lọ, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní ìpínlẹ̀ Enugu, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2015, ti fi hàn: ní àwọn ìjọ tí wọ́n ti pe àwọn aboyún jọ fún àdúrà àti àpèjẹ, tí wọ́n sì ṣe àyẹ̀wò HIV pẹ̀lú àwọn àyẹ̀wò mìíràn fún wọn níbẹ̀, ju 90 nínú 100 lọ ni ó ṣe àyẹ̀wò, nígbà tí ó jẹ́ pé ìwọ̀nba díẹ̀ lé ní ìdajì ni ó ṣe é ní àwọn ìjọ tí wọ́n kàn ní kí wọ́n máa lọ sí ilé ìwòsàn.

Èrò pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ti tó náà ti ṣèpalára. Obìnrin tí kò ní HIV nígbà tí oyún rẹ̀ wà ní oṣù mẹ́ta lè kó o ní oṣù keje, tàbí nígbà tí ọmọ bá wà lọ́yàn, pàápàá bí ọkọ rẹ̀ bá ń wá obìnrin mìíràn lọ ní àkókò tí wọn kò jọ sùn. Ìgbà tí kòkòrò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sì ni iye rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń pọ̀ jù, tí ewu ọmọ náà sì máa ń ga jù, bẹ́ẹ̀ ni ìyá á máa fi ọkàn balẹ̀ nítorí ohun tí wọ́n ti kọ sínú káàdì rẹ̀ ní oṣù kẹta. Ní ibi tí HIV bá ti wọ́pọ̀, ó yẹ kí wọ́n tún àyẹ̀wò ṣe ní oṣù mẹ́ta ìkẹyìn oyún, kí wọ́n sì ṣe é fún ẹni tí ó bá wọlé pẹ̀lú ìrọbí láìsí káàdì.

Ọkọ wá jẹ́ apá kan tí ètò náà fo. Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò nínú ilé ni wọ́n máa ń sọ pé ó kó àrùn wọlé, nígbà tí ó sì jẹ́ pé oyún ni ó gbé obìnrin dé ibi àyẹ̀wò, òun ni ẹ̀bi máa ń dé orí rẹ̀, ọ̀pọ̀ sì ń gbé oògùn pamọ́ sínú ike àgbo tàbí sílé ọ̀rẹ́ nítorí ìyẹn. Cuba, tí àjọ WHO jẹ́rìí ní ọdún 2015 pé òun ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní ayé tí ó fòpin sí kí ìyá máa kó HIV àti sífílíìsì ran ọmọ, kò yẹ aboyún nìkan wò, wọ́n ń yẹ ọkọ náà wò. Ọ̀nà kan tí ó ṣeé lò níbí ni ohun èlò tí ènìyàn lè fi yẹ ara rẹ̀ wò, tí wọ́n ń fi nu èrìgì ẹnu láìgba ẹ̀jẹ̀, tí ìyàwó lè mú relé fún ọkọ. Bí ìlà kejì bá yọ, ọkọ gbọ́dọ̀ lọ ṣe àyẹ̀wò tó péye ní ilé ìwòsàn.

Ìlànà tí ó gbilẹ̀ láti ọdún 2006 àti 2007 ni pé òṣìṣẹ́ ìlera ni yóò dá ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò sílẹ̀, yóò sì ṣe é àyàfi bí obìnrin náà bá ní òun kò fẹ́. Ìlànà dáadáa ni, ṣùgbọ́n ó rọrùn kí ó di àṣejù, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ obìnrin láìsọ fún un, tàbí kí wọ́n kọ èsì sórí fáìlì tí gbogbo ènìyàn ń rí. Òfin tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2014 ka ìyàsọ́tọ̀ nítorí HIV léèwọ̀, ó sì dáàbò bo àṣírí ẹni tí ó ní in.

Èrò pé ohun aboyún ni ọ̀rọ̀ HIV kò mọ sí ilé ìwòsàn nìkan. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà dá ìrànwọ́ rẹ̀ sí ilẹ̀ òkèèrè dúró ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, ètò rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní PEPFAR, tí ó ti ń ra oògùn àti ohun èlò àyẹ̀wò fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè láti ọdún 2003, kan ìdíwọ́. Nígbà tí wọ́n gbà kí apá kan rẹ̀ tún máa lọ, aboyún àti ìyá ọlọ́mọ ọwọ́ nìkan ni wọ́n fàyè gbà láti máa gba oògùn tí ẹni tí kò ní HIV ń lò kí ó má bàa kó o. Obìnrin tí kò lóyún, tí ewu tirẹ̀ lè ju ti aboyún lọ, kò sí nínú ìṣírò.

Bẹ́ẹ̀, ibi tí obìnrin ti ń bá ilé ìwòsàn pàdé pọ̀ ju ilé ìtọ́jú aboyún lọ. Ẹni tí ó lọ gba ìfètò sọ́mọ bíbí, ẹni tí nǹkan ń dà lójú ara rẹ̀, àti ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, tí ó yẹ kí ó rí oògùn ìdènà láàárín wákàtí 72 kí ó sì lò ó fún ọjọ́ 28, gbogbo wọn ni àyẹ̀wò HIV kàn. Ó kan jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ pẹ̀lú, nítorí obìnrin tí ó ní HIV súnmọ́ àrùn yìí ní ìlọ́po mẹ́fà ju èyí tí kò ní in lọ, ìdí sì nìyí tí WHO fi ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí yẹ ilé ọmọ rẹ̀ wò láti ọmọ ọdún 25, ní ọdún mẹ́ta sí márùn-ún síra, nígbà tí àwọn yòókù lè dúró di ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Obìnrin tí kò mọ̀ pé òun ní HIV kò ní mọ̀ pé ìlànà ti ọdún 25 ni tòun.

Àwọn tí wọ́n gbàgbé jù ni àwọn ìyá tí ó ti dẹ́kun ọmọ bíbí. Nígbà tí nǹkan oṣù bá dúró, awọ ojú ara máa ń fẹ́lẹ́, ó máa ń gbẹ, ó sì rọrùn kí ó bó nígbà ìbálòpọ̀. Kò sí oyún tí ó ń ba ìyá náà lẹ́rù mọ́, nítorí náà kò sí kọ́ńdọ̀mù. Bí ó bá sì rù, tí ó ń gbóná ní alaalẹ́, àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ọjọ́ ogbó ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ rò. Ní Amẹ́ríkà, ìlànà ọdún 2006 ní kí wọ́n yẹ gbogbo ẹni tí ó wà láàárín ọdún 13 sí 64 wò nígbà tí wọ́n bá wá gba ìtọ́jú, láìbéèrè irú ìgbé ayé tí ó ń gbé. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ilẹ̀ Yorùbá, ìyá ẹni ọgọ́ta ọdún lè wá gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lóṣooṣù fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀, kí wọ́n wọn ṣúgà rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì dábàá àyẹ̀wò ogún ìṣẹ́jú yìí fún un rí.